Ẹ̀KỌ́ KEJÌDÍNLÓGÚN: ÀDÙNNÍ, AYÀWÒRÁN TÍ Ó DÚRÓ TI IGBÓ

Ka àyọkà yìí dáadáa, kí o sì dáhùn àwọn ìbéèrè tí ó tẹ̀lé e.

Bí o bá ń gbé ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, ìlú tí a mọ̀ fún ìlù dùndún, tàbí ní Ìlobù, tàbí ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, o mọ̀ pé ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí súnmọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò kì í tètè mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí òmíràn sì ti bẹ̀rẹ̀. O mọ odò Erinlẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí ó ń ṣàn lọ bá odò Ọ̀ṣun. Bí o kò bá tíì dé agbègbè yìí rí, mú àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà, wá Òṣogbo, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kí o sì fi ìka tọ ọ̀nà tí ó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Kò ní pẹ́ tí ìka rẹ yóò fi kan àwọn ìlú náà. Ní agbègbè yìí ni obìnrin ayàwòrán kan tí a bí ní òkè òkun gbé fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó lọ fìdí kalẹ̀ sí Òṣogbo. Susanne Wenger ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Àdùnní ni àwọn ará ìlú ń pè é. Ohun tí ó ṣe nítorí igbó àti odò ni a fẹ́ kà lónìí.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa àwọ̀. Níbo ni àwọ̀ ti ń wá? Bóyá ìwọ yóò sọ pé inú ike tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ike yẹn tó dé, inú igbó àti oko ni àwọn ìyá wa ti ń rí àwọ̀. Ewé ẹ̀lú ni wọ́n ń gún, tí wọ́n ń sá sí oòrùn, tí wọ́n sì ń rẹ sínú omi eérú láti fi ṣe aró. Igi osùn ni wọ́n ń lọ̀ láti rí pupa. Pòròpórò ọkà bàbà a máa mú kí omi pọ́n, ata ilẹ̀ pupa a sì máa fún wa ní àwọ̀ ìyeyè. Má ṣe gbàgbé ọ̀rọ̀ aró yìí, nítorí pé a óò tún padà sí i.

Oríṣi ọ̀dà kan wà tí àwọn ayàwòrán ń lò tí a lè pè ní ọ̀dà olómi. Ọ̀dà tí a fi ń kun ilẹ̀kùn máa ń bo ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ pátápátá. Ọ̀dà olómi kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ tí a lọ̀ kúnná ni, tí a sì fi oje igi tí ó ń lẹ̀ bíi góòmù pò pọ̀. Igi ẹlẹ́gùn-ún kan tí ó máa ń hù ní Òkè Ọya ni wọ́n ti ń gba oje náà, a sì ń kó o láti Nàìjíríà lọ tà ní òkè òkun. Bí ayàwòrán bá ti ki búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ bọ omi, tí ó sì fi kan àwọ̀ yìí, yóò fi kun tákàdá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ìmọ́lẹ̀ yóò la àwọ̀ náà kọjá, yóò kan tákàdá funfun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, yóò sì padà wá sí ojú wa. Ìdí nìyí tí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ fi máa ń dán bí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí.

Ohun kan wà tí ó máa ń ya àwọn ọmọdé lẹ́nu nípa rẹ̀. Ẹni tí ó ń lo ọ̀dà olómi kì í sábà kun funfun. Bí ó bá fẹ́ kí òdòdó kan funfun nínú àwòrán, kò ní fọwọ́ kan ibẹ̀ rárá. Yóò fi tákàdá sílẹ̀ bí ó ti wà. Àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́tipẹ́. Wọ́n á ro ẹ̀kọ láfún, wọ́n á fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹyẹ, ẹja tàbí ewé sára aṣọ funfun, wọ́n á jẹ́ kí ó gbẹ, wọ́n á sì rẹ ẹ́ sínú aró. Aró kò ní lè wọ ibi tí ẹ̀kọ bá bò. Nígbà tí wọ́n bá họ ẹ̀kọ náà kúrò, ibi tí a dá sí ni yóò di àwòrán.

Kí kámẹ́rà tó wọ́pọ̀, ọ̀dà olómi ni àwọn tí ń kọ́ nípa ewé àti egbò fi ń ya igi àti òdòdó kí ayé lè mọ̀ wọ́n. Kódà lẹ́yìn tí kámẹ́rà dé, àwọn kan kò fi í sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Margaret Mee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a bí ní ọdún 1909. Ó kó lọ sí ilẹ̀ Bùràsíìlì ní 1952. Láti 1956 ni ó ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sínú igbó ńlá Amazon láti ya òdòdó ní ibi tí wọ́n hù sí. Ní 1988, nígbà tí ó ti ń súnmọ́ ẹni ọgọ́rin ọdún, ó jókòó ní òru nínú ọkọ̀ láti ya òdòdó kan tí kì í là ju alẹ́ kan ṣoṣo lọ. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ó ń rí bí wọ́n ti ń gé igbó náà tí wọ́n sì ń sun ún, kò sì dákẹ́. Ó ń sọ ọ́ fún gbogbo ayé. Ní ìparí 1988 yẹn ni ó kú.

Ẹni tí ó fara jọ ọ́ lọ́dọ̀ wa ni Àdùnní. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ọdún 1915 ni a bí i ní ìlú Graz ní orílẹ̀-èdè Austria. Òkè àti igbó pọ̀ ní agbègbè ìlú náà. Nígbà èwe rẹ̀, pẹ́ńsù lásán àti pẹ́ńsù aláwọ̀ ni ó fi ń ya ewé, òdòdó àti ẹranko. Ó kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Graz, ó sì tún kọ́ ọ sí i ní Vienna, níbi tí Ogun Àgbáyé Kejì ti bá a. Lẹ́yìn ogun, ó pàdé Ulli Beier ní ìlú Paris. Wọ́n fẹ́ ara wọn. Ọkọ rẹ̀ rí iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó wà ní Ìbàdàn, àwọn méjèèjì sì dé Nàìjíríà ní 1950.

Kò pẹ́ tí ikọ́ ẹ̀gbẹ fi dá a dùbúlẹ̀. Àìsàn náà le púpọ̀, ó sì pẹ́ lára rẹ̀. Wọ́n kúrò ní Ìbàdàn lọ sí Ẹdẹ, níbẹ̀ ni ó sì ti pàdé Àjàgẹ́mọ, àgbà àwòrò Ọbàtálá. Baba náà kò gbọ́ èdè òyìnbó, Àdùnní náà kò sì tíì gbọ́ Yorùbá dáadáa, síbẹ̀ wọ́n yé ara wọn. Láti Ẹdẹ, wọ́n kó wá sí Ìlobù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun. Ère gbígbẹ́ pọ̀ ní Ìlobù nígbà náà tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi kọ ìwé kan nípa wọn, tí ó jáde ní 1957. Ní ìparí àwọn ọdún 1950 ni Àdùnní dé Òṣogbo, tí ó sì ń gbé ní ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan ní ọ̀nà Ìbòkun. Bí ó ti ń gbọ́ èdè wa sí i, bẹ́ẹ̀ ni ó ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wa. Ó kọ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ó sì fi ẹ̀kọ láfún àti aró ya àwòrán sára aṣọ ńláńlá. Ayàwòrán tí ó fi pẹ́ńsù bẹ̀rẹ̀ ní Graz ti di ẹni tí ń ti ọwọ́ bọ ìkòkò aró.

Nísinsìnyí a ti dé etí odò. Ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn ará Òṣogbo sọ pé Láròóyè àti Tìmẹ́hìn kó àwọn ènìyàn wọn wá síbẹ̀ nítorí pé omi ti wọ́n wọn ní ibi tí wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n ti ń ṣán igbó láti kọ́lé sí etí odò, wọ́n gé igi ńlá kan, igi náà sì wó sínú omi. Ni wọ́n bá gbọ́ ohùn láti inú odò pé wọ́n ti fọ́ àwọn ìkòkò aró Ọ̀ṣun. Ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n sì bẹ̀bẹ̀. Wọ́n bá Ọ̀ṣun dá májẹ̀mú pé àwọn yóò kúrò ní etí odò lọ tẹ ìlú dó sí òkè, àwọn yóò sì dá igbó náà sí. Ẹ̀sìn yòówù kí ẹ máa ṣe nílé yín, ó yẹ kí o mọ ìtàn yìí, nítorí pé ìtàn ìlú ni. Wo bí ó ti rí: ohun àkọ́kọ́ tí àwọn ènìyàn náà ṣe ni kí wọ́n gé igi, ohun àkọ́kọ́ tí ó sì bàjẹ́ ni àwọ̀. Títí di òní, ìlú aró ni a mọ Òṣogbo sí.

Fún ìgbà pípẹ́, a kì í gé igi, a kì í ṣọdẹ, a kì í sì í pẹja nínú igbó Ọ̀ṣun. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi máa di àwọn ọdún 1950, òfin náà ti ń rọ̀. Àwọn àwòrò ń dín kù. Ikán ń jẹ òpó, ògiri amọ̀ ń wó, àwọn olè sì ń jí ère gbé lọ tà fún àwọn tí ń kó ohun àtijọ́ jọ. Ìjọba gba apá kan igbó náà fún ìdánwò iṣẹ́ àgbẹ̀. Wọ́n gé igi ibẹ̀, wọ́n sì gbin òmíràn. Àwọn kan ń fọ́ òkúta níbẹ̀. Àwọn ọdẹ àti apẹja bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wọlé. Ìlú sì ń tóbi sí i, àwọn kan ti ń wo igbó náà bí ilẹ̀ tí a lè pín tà.

Kí ni ayàwòrán lè ṣe sí irú ọ̀rọ̀ yìí? Kò ní ọlọ́pàá, àlejò sì ni. Àwọn àwòrò ní kí ó bá àwọn tún àwọn ojúbọ tí ń wó ṣe, Ọba Adénlé tí ó jẹ́ Àtáọ́ja nígbà náà sì ràn án lọ́wọ́. Àdùnní kó àwọn bíríkìlà àti gbẹ́nàgbẹ́nà ìlú jọ. Wọ́n tún ojúbọ mọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi amọ̀ àti sìmẹ́ńtì mọ ère sínú igbó, tí àwọn mìíràn nínú wọn ga gàgàrà bí igi. Ọ̀kan nínú ère ńláńlá tí Àdùnní mọ ni ti Ìyá Mòòpó, ẹni tí a gbà pé ó ni iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin, bí ìkòkò mímọ àti aró rírẹ. Wọ́n mọ ògiri oníṣẹ́ ọnà àti ẹnu ọ̀nà tí ó ṣe àrà ọ̀tọ̀ pẹ̀lú.

Ọgbọ́n ńlá ni èyí. Ẹni tí ó fẹ́ gé igi lè sọ pé igbó lásán ni, pé kò ní olówó. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé ibẹ̀ pẹ̀lú ayùn rẹ̀, tí ó bá ère gàgàrà kan láàárín igi, kò lè sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó di dandan kí ó béèrè ẹni tí ó ni ibẹ̀. Margaret Mee ya igbó sórí tákàdá, ó gbé e lọ fi han ayé. Àdùnní gbé iṣẹ́ ọnà tirẹ̀ wá sínú igbó, ó sì fi í ṣe ẹ̀ṣọ́.

Ẹnìkan kì í jẹ́ àwádé. Bí a bá ń yin Àdùnní tí a kò dárúkọ àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, a kò ṣe dáadáa. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí, òun ni ó sọ sìmẹ́ńtì di iṣẹ́ ọnà lára ògiri àti ẹnu ọ̀nà. Buraimoh Gbàdàmọ́sí gbẹ́ ère òkúta àti ti igi. Kasali Àkàngbé gbẹ́ ère igi àti òpó, ère rẹ̀ a máa gùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹgbẹ́ Iṣẹ́ Ọnà Mímọ́ Tuntun ni a lè pe ẹgbẹ́ wọn. Wo orúkọ àwọn méjì tí a dá kẹ́yìn: orúkọ Mùsùlùmí ni. Igbó náà kò béèrè ilé ìjọsìn tí ẹnikẹ́ni ń lọ.

Àwọn kan kò fẹ́ràn ohun tí ó ń ṣe. Àwọn kan ní kí ni òyìnbó ń wá nínú igbó òrìṣà. Àwọn mìíràn ní sìmẹ́ńtì kò yẹ inú igbó. A kò lè da ọ̀rọ̀ kejì yìí nù, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti rí bí ikán àti òjò ti ń ṣe ògiri amọ̀ yóò mọ ìdí rẹ̀.

Ní 1965, ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè tí òfin ń dáàbò bò. Ní 1992, wọ́n fi ìyókù kún un, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ hẹ́kítà 75. Ìyẹn tó pápá bọ́ọ̀lù bí ọgọ́rùn-ún. Ní 2005, àjọ UNESCO kọ orúkọ Igbó Ọ̀ṣun mọ́ àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé. Àdùnní ti di ẹni àádọ́rùn-ún ọdún nígbà náà, ó sì wà láyé láti gbọ́ ọ.

Kí ni ó wà nínú igbó yìí tí ó fi tó bẹ́ẹ̀? Ó ju oríṣi igi àti ewé 400 lọ, tí ó ju 200 nínú wọn sì jẹ́ egbòogi. Ọ̀bọ ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka. Gbòǹgbò igi di etí odò mú kí ilẹ̀ má baà ya sínú omi. Bí òjò ńlá bá dé, ewé ni ó kọ́kọ́ ń gbà á, kí ó tó rọra kán sílẹ̀. Ilẹ̀ tí ewé gbígbẹ bò yóò mu ún, yóò sì máa fi í fún odò díẹ̀díẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Níbi tí a bá ti gé igi etí odò tán, òjò kan náà yóò fọ ilẹ̀ lọ, omi yóò sì di ẹrẹ̀. Bí o bá ń gbé nítòsí odò Erinlẹ̀, ìwọ náà lè wò ó: ibo ni omi ti mọ́ jù, ibi tí igi wà ni tàbí ibi tí kò sí?

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kìíní ọdún 2009, Àdùnní kú ní Òṣogbo. Ẹni ọdún 93 ni. Igbó náà wà síbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ti yí i ká.

Ṣùgbọ́n a lè mọ ògiri yí igbó ká, a kò lè mọ ọ́n yí odò ká. Láti Ìgèdè-Èkìtì ni odò Ọ̀ṣun ti ń bọ̀. Ó ń gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá kí ó tó dé Òṣogbo, ó sì ń ṣàn lọ títí dé ọ̀sà ní Èkó. Ní nǹkan bí ọdún 2021 àti 2022, àwọn tí ó lọ sí etí odò rí i pé omi náà ti pọ́n bí ẹrẹ̀. Àwọn tí ń wa wúrà láìgba àṣẹ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn dá lẹ́bi: wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n ń fọ wúrà, ẹrẹ̀ rẹ̀ sì ń ṣàn wọ inú odò. Ìkìlọ̀ jáde pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe mu omi náà. Àwọn tí ń jà fún àyíká ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n bu omi lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn. Nípa àwọ̀ omi ni àwọn ènìyàn fi kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́.

ÌTUMỌ̀ ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ KAN

Àwòrò: ẹni tí ó ń bọ òrìṣà fún ìlú tàbí fún ẹgbẹ́.
Ẹ̀lú: ewé tí a fi ń ṣe aró.
Májẹ̀mú: àdéhùn tí a kò gbọdọ̀ yẹ̀.
Ojúbọ: ibi tí a ti ń bọ òrìṣà.
Àjogúnbá: ohun tí a jogún lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣáájú wa.

ÌBÉÈRÈ

1. Dárúkọ ohun mẹ́ta tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe àwọ̀, kí o sì sọ àwọ̀ tí a ń rí nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.
2. Báwo ni ẹni tí ó ń lo ọ̀dà olómi ṣe ń rí funfun nínú àwòrán rẹ̀? Kí ni aládìrẹ ẹlẹ́kọ ń ṣe tí ó jọ èyí?
3. Dárúkọ àwọn ìlú tí Àdùnní gbé ní ilẹ̀ Yorùbá, kí o tò wọ́n bí ó ti gbé inú wọn tẹ̀lé ara wọn.
4. Kí ni ó fọ́ nígbà tí igi wó sínú odò nínú ìtàn Òṣogbo?
5. Sọ ohun mẹ́rin tí ó ń ba igbó Ọ̀ṣun jẹ́ ní àwọn ọdún 1950.
6. Báwo ni ère ṣe lè dáàbò bo igi? Ṣé o gbà pé ọ̀nà tí ó dára ni? Sọ ìdí rẹ.
7. Kí ló dé tí ògiri igbó kò lè gba odò sílẹ̀?

IṢẸ́ ṢÍṢE

Ìwọ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ lè ṣe ọ̀dà olómi fúnra yín. Ẹ rin ata ilẹ̀ pupa, ẹ po ó mọ́ omi díẹ̀, kí ẹ sì fi aṣọ sẹ́ ẹ. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún osùn tí a lọ̀ kúnná, àti fún òdòdó ìṣápá pupa tí a sè. Ẹ gún èédú fún dúdú. Ẹ wá oje tí ó ti gan sára igi kajú, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi títí yóò fi yọ́, kí ẹ sì kán díẹ̀ sínú àwọ̀ kọ̀ọ̀kan kí ó lè lẹ̀ mọ́ tákàdá. Ẹ má ṣe tọ́ àwọ̀ náà wò.

Lẹ́yìn èyí, kí olùkọ́ tàbí àgbàlagbà kan mú yín lọ sí ibi tí ẹ ti lè rí odò tàbí ìṣàn omi tí ó súnmọ́ ilé-ìwé yín. Ẹ dúró lókèèrè. Ẹ má ṣe wọ inú omi. Ya ohun tí o bá rí: igi, etí omi, àti àwọ̀ omi náà gan-an bí ó ti rí lójú rẹ ní ọjọ́ náà. Bí omi bá pọ́n, má ṣe yà á ní búlúù. Kọ ọjọ́, oṣù àti ọdún sí abẹ́ àwòrán náà. Ẹ padà lọ lẹ́ẹ̀kan ní oṣooṣù títí ọdún yóò fi parí, kí ẹ sì lẹ àwọn àwòrán náà mọ́ ògiri kíláàsì ní títẹ̀lé oṣù wọn.